Ìró Mẹ́fà Àárọ̀

Ọjọ́ Ajé, 3 Fẹ́búárì

Ìwé tuntun. Ti àtijọ́ kún lánàá, mo ti tì í sábẹ́ àpótí aṣọ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àárọ̀ yìí rí bí àárọ̀ gbogbo. Àgbà jókòó sórí àpótí kékeré níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo ń di irun rẹ̀, mo sì ń sọ ìró mẹ́fà wa. Aa. Uu. Ii. Ṣṣ. Ss. Mm. Bí mo bá ti sọ ọ̀kan, òun náà á sọ ọ́ tẹ̀ lé mi, kí n lè mọ̀ pé ẹ̀rọ etí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Mẹ́fà nínú mẹ́fà. Ó gbé báàgì, ó lọ sílé ìwé. Ọdún kẹtàlá rèé tí a ti ń ṣe é.

Kí n kọ ìyókù sílẹ̀, torí ìwé tuntun ni, ọjọ́ ogbó sì lè mú ìgbàgbé dání. Àgbà ni ọmọ mi kan ṣoṣo. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. A ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé láti ọmọ ọdún mẹ́rin ló ti ń káwọ́ sẹ́yìn rìn bí ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá rẹ̀ wá ń pe èmi ní Ìyá Àgbà, àwọn oníbàárà á máa wò mí bóyá mo ti lọ́mọ-ọmọ.

Kò gbọ́ nǹkan kan nígbà tí mo bí i. Ó pé ọdún mẹ́ta, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fi ẹ̀rọ sí etí ọ̀tún. Apá kan wà nínú, lábẹ́ awọ orí, wáyà rẹ̀ wọ inú etí lọ. Apá kejì wà níta, ó ń fi òòfà lẹ̀ mọ́ orí bíi bọ́tìnì. Ọjọ́ tí wọ́n tàn án, mo pè é láti ẹ̀yìn, ó sì yíjú sí mi. Ọjọ́ yẹn ni mo bí i lẹ́ẹ̀kejì. Mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, àti ẹni tí kò fẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Fẹ́búárì

Aṣọ nọ́ọ̀sì mẹ́rìnlá kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Èjìká ń ro mí. Mẹ́fà nínú mẹ́fà.

Ọjọ́bọ̀, 6 Fẹ́búárì

Màmá, ìyá ọkọ mi tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, fi ẹjọ́ sùn mí lónìí. Ó ní Àgbà ò gbọ́ òun mọ́. Ó ní òun pe “ọkọ mi, ọkọ mi” láti ẹnu ọ̀nà, Àgbà kò dáhùn. Mo ní, Màmá, ẹ̀yin náà ẹ máa fi eyín yín sẹ́nu kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bínú, lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní òun ti sọ tòun. Mo sọ fún un pé mẹ́fà nínú mẹ́fà ni, láràárọ̀. Ó ní, “Mẹ́fà wo?” Ó wọlé lọ.

Dára-dára, ọkọ mi, ń kùn ilé tuntun kan lópòópónà kejì. Ó dé pẹ̀lú ọ̀dà búlúù nínú irùngbọ̀n. Mo ní kó lọ fọ ọ́. Ó ní, “Ó dára.” Ohun tí ọkọ mi máa ń sọ nìyẹn, bí ilé jó, bí ilé ò jó.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Fẹ́búárì

Oníbàárà tuntun wá gba ìwọ̀n. Obìnrin aláriwo, inú rẹ̀ dára. Ó rí bọ́tìnì tó wà lórí Àgbà, ó bi mí kí ni. Kí ni mo tún ń wá! Mo bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn, mo sọ ọ́ dé ibi tí mo ti pè é láti ẹ̀yìn. Omi bọ́ lójú obìnrin náà. Omi bọ́ lójú èmi náà, bó ṣe máa ń bọ́ nígbà gbogbo.

Nígbà tí mo máa fi wo ẹ̀yìn, Àgbà ti tilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ inú ilé wa nìyẹn: tó bá yọ ẹ̀rọ kúrò lórí, tó fi sínú àpò, a ní ó ti tilẹ̀kùn. Ó ń kàwé lọ. Ó ti ń tilẹ̀kùn jù lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Mo ní ìdánwò tó ń bọ̀ ni.

Ọjọ́rú, 12 Fẹ́búárì

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Mo ti sọ mẹ́rin. Aa, uu, ii, ṣṣ. Ó ti dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bọ́tìnì kan bọ́ lọ́wọ́ mi, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń wá a. Orí mi wà lábẹ́ tábìlì, ẹnu mi wà ní pípadé. Àgbà sì sọ pé: Ss.

Mo wà níbẹ̀ pẹ̀lú eruku àti fọ́nrán òwú. Ó dúró díẹ̀, ìwọ̀n tí mo máa ń dúró, ó sì sọ pé: Mm. Ó gbé báàgì. Ó ní, “Mẹ́fà nínú mẹ́fà. Ó dàbọ̀, Mọ́mì.”

Mo rán apá aṣọ mọ́ ibi ọrùn. Mo tú u. Mo tún un rán síbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13 Fẹ́búárì

Lónìí mo yí i padà. Ss ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó jẹ́jẹ́, kò fọhùn. Mo tún un sọ. Ó ní, “Mọ́mì, ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni?” Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ gbéra díẹ̀. Mo sọ ṣṣ, kò sí ìdáhùn. Mo sọ mm, ó ní uu. Mo sọ ii, ó tún ní uu. Aa àti uu nìkan ló gbà.

Méjì nínú mẹ́fà.

Ó yíjú, ó wò mí. Ó ní òun máa pẹ́ dé ilé ìwé. Ó lọ láìjẹ́ kí n di irun apá kejì.

Nígbà tó dé, ó sọ fún mi láìdúró kí n bi í. Ó ní ó ti tó oṣù márùn-ún. Ss ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ṣṣ. Ó ní báyìí gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ bíi rédíò tí wọ́n gbé sínú garawa. Nílé ìwé ó ń jókòó níwájú, ó ń wo ẹnu, ẹnìkejì rẹ̀, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń jókòó, sì ń kọ èyí tó bá sá mọ́ ọn lọ́wọ́ fún un. Mo ní, ìró mẹ́fà ńkọ́, báwo lo ṣe ń ṣe é? Ó wò mí bí ẹni tí àánú mi ń ṣe. Ó ní, “Bákan náà ni wọ́n máa ń tò, Mọ́mì. Àtìgbà tí mo ti dáyé. Ẹ máa ń sọ ọ́, èémí ẹnu yín á kàn mí lọ́rùn, èmi náà á sọ ọ́. Kò le.”

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Fẹ́búárì

Mo tú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ. Lábẹ́ àwọn òwú tó ti ṣá, mo rí páálí náà. Obìnrin tó ń yẹ etí wò ní ilé ìwòsàn — Ẹlẹ́rọ ni mo ń pè é — ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ fún mi lọ́dún mẹ́tàlá sẹ́yìn. “Dúró sẹ́yìn rẹ̀. Yí bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra padà lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, dákẹ́ láàárín, má sọ nǹkan kan, kí o wò ó bóyá yóò dáhùn.”

Mo kà á nígbà náà. Mo rántí pé mo kà á. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ta ń sunkún lórí àpótí, mo sọ ìró náà di orin kó lè dákẹ́, orin náà sì mọ́ wa lára. Èmi tí n kì í gba oníbàárà gbọ́ nípa ìwọ̀n ìdí ara rẹ̀! Ẹni tí mo wọ̀n lóṣù tó kọjá, mo máa tún un wọ̀n. Ọmọ tèmi, mo gba orin gbọ́.

Ojú ń tì mí. Ojú Màmá ló wá ń tì mí jù. Mo lọ sí yàrá rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní, Màmá, ẹ̀yin lẹ gbọ́, èmi ni n kò gbọ́. Ó ní kí n dìde, kí n má fi orúnkún ba ẹní òun jẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 17 Fẹ́búárì

Ilé ìwòsàn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Irun Ẹlẹ́rọ ti funfun níwájú. Yàrá rẹ̀ kò yí padà: àga kan náà, ojú fèrèsé tí kì í ṣí, ìwé àwòrán ẹranko tí Àgbà fi eyín ya nígbà tó wà lọ́mọdé. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún là ń wá. Oṣù mẹ́wàá sẹ́yìn, ohun gbogbo dára.

Ó kọ́kọ́ pààrọ̀ apá ti ìta. Ìró kò yàtọ̀. Ó wá fi kọ̀ǹpútà yẹ ti inú wò. Wáyà inú yẹn ní ojú méjìlélógún tó ń gbé ìró wọ etí. Mẹ́sàn-án ti kú. Mẹ́rin mìíràn ń ṣe ségesège. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, ẹ̀rọ ni, ó máa ń gbó. Ó lè tún lo oṣù díẹ̀, ó sì lè dá iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la. Wọ́n lè yọ ọ́ kí wọ́n fi tuntun síbẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń padà gbọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, òun kò sì ní ṣèlérí.

Mo wo Dára-dára. Ó ní, “Kò dára.” Ogún ọdún tí a ti fẹ́ra, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo jókòó.

Ẹlẹ́rọ yí àga sọ́dọ̀ Àgbà, ó jẹ́ kó rí ẹnu òun dáadáa, ó bi í pé kí ló fẹ́. Èmi ni mo dáhùn. Mo ní, “Ó fẹ́ ẹ.” Ẹlẹ́rọ kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó ṣì ń wo Àgbà. Àgbà ní, “Mo máa rò ó.”

Rò kí ni? Kí ló wà níbẹ̀ láti rò? Mo jẹ ẹ́ mọ́ ẹnu títí a fi délé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Fẹ́búárì

N kò lè jẹ ẹ́ mọ́ ẹnu mọ́. Mo bi í nígbà tí a ń ká aṣọ. Mo ní, ṣé ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ ló ń bà ọ́? Ó ní díẹ̀. Mo ní, kí ló dé tí o fi pa á mọ́ fún mi fún oṣù márùn-ún? Ó ká aṣọ méjì kó tó fọhùn.

Ó ní, “Ẹ máa ń sọ pé ọjọ́ tí wọ́n tan ẹ̀rọ yẹn lẹ bí mi.”

Mo ní, lẹ́ẹ̀kejì. Mo máa ń sọ pé lẹ́ẹ̀kejì.

Ó ní, “Ó dáa, lẹ́ẹ̀kejì. Tí ẹ̀rọ náà bá wá kú ńkọ́, Mọ́mì? Ta ló kù?”

Mo di gbogbo aṣọ náà mọ́ra bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàlá ni mo fi sọ ọ́ lójú rẹ̀, fún oníbàárà, fún olùkọ́, fún ẹni tó wá ka mítà iná. Ó ní nígbàkúùgbà tí òun bá ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, ojú mi máa ń yí padà, kí n tó rántí tún un ṣe. Ó ní òun mọ ojú yẹn ju ojú ara òun lọ. Kò bínú bó ṣe ń sọ ọ́. Ìbá sàn kó bínú.

Ó ní òun fẹ́ tilẹ̀kùn fún ọjọ́ méje, tilé tìta, kí òun mọ bó ṣe rí tí kò bá sí ẹ̀rọ rárá. Lẹ́yìn náà òun á dáhùn. Ọ̀sẹ̀ ìsinmi ni ilé ìwé wà, ó ti ṣírò rẹ̀. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní, “Ó dára.” Mo bá a jà títí a fi wọ yàrá.

Ọjọ́rú, 19 Fẹ́búárì

Ilẹ̀kùn ti tì. Mo pè é láti ilé ìdáná lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá lónìí kí n tó rántí. Mo kà á.

Ọjọ́bọ̀, 20 Fẹ́búárì

Dára-dára àti ọmọ rẹ̀ ń kùn ògiri ẹ̀yìn ilé. Wọ́n ní àmì ọwọ́ tiwọn, n kò mọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. Ìka méjì fún ọ̀dà, àtẹ́lẹwọ́ fún “dúró ná”, imú fún èmi. Imú! Mo wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín láìsí ariwo kankan. Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀, mo ti máa ń rò pé kò ní nǹkan láti sọ. Mo jowú wọn, kí n sọ òótọ́ nínú ìwé mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Fẹ́búárì

A jọ lọ ra bọ́tìnì. Ọkọ̀ kan ń fi ẹ̀yìn bọ̀ láti inú ọgbà, ó ń fun fèrè, Àgbà ń lọ tirẹ̀. Mo fà á lápá. Awakọ̀ yọ orí, ó ní ṣé adití ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, adití ni, kí ni tìẹ? N kò sọ ọ̀rọ̀ náà lójú títì rí. Àgbà kò gbọ́, ó rí ojú mi, ó bi mí kí ni mo sọ. Mo kọ ọ́ fún un sórí ìwé tí a kọ iye bọ́tìnì sí. Ó kà á, ó ká a sí méjì, ó fi sápò. Ó di apá mi mú títí a fi délé.

Ọjọ́ Ajé, 24 Fẹ́búárì

Àgbà ń ṣa bọ́tìnì pẹ̀lú Màmá. Màmá ń bá a sọ̀rọ̀ lọ ràì, láìbìkítà bóyá ó ń gbọ́. Mo lọ bá Màmá, mo ní, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ó ní nígbà àkọ́kọ́, nígbà tí òun ní kí a má ṣe é, ṣé mo gbọ́ ti òun? Mo ní rárá, Màmá. Ó ní, “Mo sì dúpẹ́ pé o ò gbọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn, kò lẹ́nu láti bèèrè ni. Ní báyìí ó ti lẹ́nu.” Ó padà sídìí bọ́tìnì.

Ọjọ́rú, 26 Fẹ́búárì

Mo jí, mo lọ sí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Àgbà ti fi ṣọ́ọ̀kì mi kọ ọ́ sórí páálí àpẹẹrẹ aṣọ nọ́ọ̀sì: “Mo fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n tèmi ni.”

Mo fi àpò aṣọ iṣẹ́ bojú, mo sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo rí i pé páálí náà gan-an ni mo fẹ́ fi gé aṣọ lónìí. Mo ya òmíràn. Eléyìí wà nínú ìwé yìí báyìí, mo ká a sí mẹ́rin.

Ó ṣàlàyé nígbà tí a ń mu tíì. Ó ní ọjọ́ méje yẹn kò burú tó bí òun ṣe rò, òun ni òun ṣì jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù kò fi ba òun mọ́ láti bèèrè fún un. Ó ní ohun tí ń wu òun láti gbọ́ kò pọ̀: bí kẹ́tùlù ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí hó, Màmá tó ń bá rédíò jà, ẹsẹ̀ ẹnìkejì òun tó ń sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn. Ó ní kí n má sọ ìtàn ìbí kejì mọ́, àyàfi tí òun bá ní kí n sọ ọ́. Mo ní ó dára. Ó wo bàbá rẹ̀, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, 3 Máàṣì

Obìnrin aláriwo wá gba aṣọ. Ó mú àbúrò rẹ̀ dání, ó ní, “Jọ̀ọ́, sọ ìtàn yẹn fún un.” Mo ní aṣọ náà fún un díẹ̀ lápá, kó yíjú kí n wò ó. Aṣọ náà kò fún un níbì kankan.

Ọjọ́ Ajé, 10 Máàṣì

Wọ́n gbé Àgbà wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láàárọ̀. Kó tó wọlé, nọ́ọ̀sì fá irun ẹ̀yìn etí rẹ̀. Mo gba irun náà, mo fi sínú ìwé. Irun tí mo ti ń dì láti ìgbà tí kò ju ìka mi lọ.

Wákàtí mẹ́ta. Mo mú iṣẹ́ dání, mo fọwọ́ rán ihò bọ́tìnì mẹ́tàlélógún lórí àga ilé ìwòsàn. Dára-dára kò jókòó. Ó ń fi ìka tọ ibi tí ọ̀dà ògiri wọn ti ń bó. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù tó ń mú ni fẹ́ lọ yàgbẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo lọ. Oníṣẹ́ abẹ jáde, ọ̀dọ́mọkùnrin tó lè jẹ́ àbúrò mi, ó ní ti àtijọ́ ti jáde, tuntun ti wọlé dáadáa. Mo bi í bóyá mo lè rí ti àtijọ́. Ó ní wọ́n máa dá a padà fún àwọn tó ṣe é, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rọ náà kò ju owó ẹyọ lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà nínú mi. Mi ò mọ ohun mìíràn tí ènìyàn lè ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Máàṣì

Ó ti wálé. Báńdéèjì bíi láwàní. Ó ní kí a máa pe òun ní Olóyè Àgbà.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Máàṣì

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ojú ọgbẹ́ gbọ́dọ̀ fi jinná kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ. Ilẹ̀kùn wà ní títì. N kì í pè é láti ilé ìdáná mọ́, mò ń rìn lọ bá a. Mo ti mọ àmì ọwọ́ mọ́kàndínlógún. Mo ti yí tèmi kúrò ní imú, mo ní kó di òrùka ìránṣọ orí ìka. Wọ́n gbà pẹ̀lú ìnira.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Épírì

Ọ̀túnla ni wọ́n máa tan ẹ̀rọ. Ẹ̀rù ń bà mí ju ti iṣẹ́ abẹ lọ. Bí kò bá gbọ́ ńkọ́? Mo dúró níwájú dígí, mo ń wo ojú mi, ojú tí Àgbà ní òun mọ̀ yẹn. Mo gbìyànjú kó má yí padà. Màmá rí mi, ó ní kí ló ń ṣe mí, ṣé eyín ni.

Ọjọ́ Ajé, 7 Épírì

Wọ́n tàn án. Yàrá kan náà. Àgbà di ojú rẹ̀ pọ̀. Ó ní gbogbo wa ń dún bí ẹyẹ inú agolo. Ẹlẹ́rọ ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀, ọpọlọ ní láti kọ́ ẹ̀rọ tuntun.

Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ó wù mí kí n pè é, ó wù mí débi pé ẹnu mi ti là. Ẹ̀yìn ọrùn kan náà ni, ó kàn gùn sí i ni. N kò pè é. Mo rìn yí àga náà ká, mo lọ jókòó síwájú rẹ̀ níbi tó ti lè rí mi. Ó wò mí. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Mọ́mì.” Ohùn ara rẹ̀ pa á lẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Épírì

Àpótí kékeré, ẹ̀yìn rẹ̀, irun. Mo ti kọ ìró náà sórí ègé aṣọ mẹ́fà, mo ń fà wọ́n jáde nínú agolo bọ́tìnì bó bá ṣe bọ́ sí i. Ọ̀kan nínú mẹ́fà.

Ojú mi — n kò mọ bó ṣe rí. Ẹ̀yìn ló kọ sí mi, a dúpẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Épírì

Mẹ́ta. Ní ìkẹrin ó ní, “Mi ò gbọ́ yẹn.” Ohùn tí ènìyàn fi ń sọ pé iyọ̀ ti tán. Ọdún mẹ́tàlá tí a ti ń ṣe é, kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún mi rí. Mo ní, ó dáa, mo ti gbọ́. Mo sì tẹ̀ síwájú. Inú mi dùn, inú mi dùn gan-an, n kò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́rú, 16 Épírì

Mẹ́rin. Ó dá Màmá lóhùn láti yàrá kejì. Màmá ní òun kò pe ẹnikẹ́ni, rédíò ni òun ń bú.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Épírì

Márùn-ún. Ss ló kù. Ó ní ó ń bọ̀, ó ti dé ẹnu ọ̀nà, kò tíì bọ́ bàtà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Épírì

Irun ẹ̀yìn etí ti hù tó ohun tí ọwọ́ lè mú. Ó jókòó. Ilé dákẹ́, Màmá ṣì ń sùn, n kò tíì tan ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo fa ègé aṣọ àkọ́kọ́ jáde. Ss. Ó ní, “Ss.” Bẹ́ẹ̀ náà ló rí, láìsí wàhálà. Mo fa òmíràn. Uu. Mm. Aa. Ó gba gbogbo rẹ̀.

Ní ìkarùn-ún, n kò fa nǹkan kan. Mo rántí páálí Ẹlẹ́rọ inú dúrọ́ọ̀. Mo sún sẹ́yìn ní apá kan, kí èémí mi má baà kàn án lọ́rùn. Mo pa ẹnu dé. Mo ń ka iye nínú mi. Dára-dára ti ń jáde lọ síbi iṣẹ́, ó rí wa, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, kò mira. Mo ka mẹ́ta, ìwọ̀n tí mo máa ń dúró. Mo ka márùn-ún. Mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú mi pé jọ̀ọ́, má dáhùn. Mo ka mẹ́jọ. Àgbà káwọ́ sẹ́yìn, ó ń dúró dè mí.

Ó ní, “Mọ́mì, ẹ ò tíì sọ nǹkan kan. Mo kàn ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń mí ni.”

Èmi gan-an kò gbọ́ èémí ara mi.